Ọkọ̀ Ìjàpá Tí Bàbá Wa Gbé Pamọ́

Bàbá mi ti lo oṣù mẹ́rin nílé èmi àti ọkọ mi ní Mowé kí ó tó béèrè ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni. Mo ń ṣa ẹ̀wà nítòsí rẹ̀, òun náà jókòó síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ó na ọwọ́ sí mi bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan.

"Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi dà?"

Mo ní, "Mọ́tò wo, Bàámi?"

"Mọ́tò mi. Mo fẹ́ lọ gbé ìyá yín."

Ìyá wa ti kú láti ọdún mẹ́tàdínlógójì.  Mo ní kọ́kọ́rọ́ wà nílé wa ní Ìfọ̀, pé tí a bá débẹ̀ a ó wá a. Ó mi orí. Lọ́jọ́ kejì ó tún béèrè. Lọ́jọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Dókítà ti sọ fún wa pé àrùn ìgbàgbé tó ń ṣe é kò ní í padà sẹ́yìn, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ni yóò máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ti àtijọ́ ni yóò máa padà wá bá a. Ohun tí dókítà kò sọ ni pé ìgbà àtijọ́ lè padà wá kí ikú inú rẹ̀ má bá a wá.

Wolé-wolé ni bàbá mi nígbà tí a wà ní kékeré. Ní Ìfọ̀ àti àwọn abúlé tó yí i ká, tí wọ́n bá ti rí i lókèèrè, wọ́n á sáré bo ìkòkò omi, wọ́n á lé ewúrẹ́ kúrò lẹ́bàá ààrò. Kẹ̀kẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, ó ra ọkọ̀ kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ìjàpá. Àwọ̀ ojú ọ̀run ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ibi tí à ń kó ẹrù sí wà níwájú, àwọn ọmọ àdúgbò a sì máa jiyàn lórí ibi tí orí rẹ̀ wà gan-an. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tí òjò bá ń rọ̀, ó máa ń yọjú láti fèrèsé wò ó bóyá ó ń rẹ.

Ìyá mi ló ń jókòó níwájú. Kò fẹ́ eruku rárá, nítorí ó ní ikọ́ fée, àìsàn tó máa ń fún un láyà títí èémí rẹ̀ á fi máa dún bíi fèrè. Tí ọyẹ́ bá ti wọlé, kì í jáde láìmú ìborùn tí yóò fi bo imú. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni a ń jókòó sẹ́yìn. Ó fi ọdún márùn-ún jù mí lọ. Òun ló ń fọ ọkọ̀ náà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ bá a dá sí i. Ó máa ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ikọ́ náà ti di ohun tí oògùn ilé kò kápá mọ́. Bàbá mi gbé ìyá mi sínú ọkọ̀, ó ní òun ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Abẹ́òkúta. Ìyá mi kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó na ọwọ́ síta láti ojú fèrèsé, ó fi ọwọ́ náà júwe ilẹ̀kùn fún wa, pé kí a wọlé, kí a má dúró nínú ọyẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ a rí ọkọ̀ náà tó ń padà bọ̀. Kò dún. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó kòkó ló so okùn mọ́ ọn tó ń fà á bọ̀. Ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí ló di sítíárìn ìjàpá mú. Bàbá mi jókòó ti dírẹ́bà akẹ́rù, ó ń wo iwájú. Ìyá mi kò sí nínú ọkọ̀ méjèèjì. Àwọn ará ilé ti ń sunkún kí bàbá mi tó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ń bi í léèrè, ó sì ń sọ ohun kan náà fún gbogbo ẹni tó bá bi í:

"Ọkọ̀ ló kọ̀. Ọkọ̀ ló kọ̀ sí wa lójú ọ̀nà."

Wọ́n ti ìjàpá sábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé wa. Bàbá mi fi tapólì bò ó, ó so ó mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti ọjọ́ náà, kẹ̀kẹ́ ló padà sí.

Ní ọjọ́ tí a ṣe ogójì ọjọ́ ìyá mi ni ẹ̀gbọ́n mi dìde láàárín àwọn àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó na ìka sí bàbá wa, ó ní, "Ẹ mọ̀ pé Màámi ń ṣàìsàn, ẹ ò sì jẹ́ kí wọ́n yẹ mọ́tò yín wò. Ẹ̀yin lẹ pa Màámi." Ẹnìkan gbá a létí. Bàbá mi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kò dáhùn, kò bá a wí, ó kàn tẹ orí ba. Mo rò lọ́jọ́ náà pé ìtìjú ẹni tó jẹ̀bi ni.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá wa ní agbègbè Ọ̀yọ́, ó kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ó padà wá sí Òkè-Àró, ó gba yàrá, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe géètì. Òkè-Àró sí Ìfọ̀ kò jìnnà, ṣùgbọ́n kò wọ ilé bàbá wa mọ́. Níbi ìgbéyàwó mi, ó dúró níta, ó sì kí bàbá wa bí ẹni ń kí ọlọ́pàá. Bàbá wa dáhùn, ó ṣàdúrà fún un, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Gbogbo èyí ló wá sí mi lọ́kàn bí bàbá mi ṣe ń na ọwọ́ sí mi láràárọ̀ nítorí kọ́kọ́rọ́. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ tún ọkọ̀ náà ṣe. Ó wò mí títí. Ó ní, "Tí ó bá lè fi ọkàn Bàbá balẹ̀, ṣe é." Lóòótọ́, mo rò pé tí ó bá rí ọkọ̀ náà lójú rẹ̀, bóyá yóò dẹ́kun wíwá ìyá mi.

Tíṣà ni mí, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ ọmọ. Nígbà tí a gba ìsinmi, mo lọ sí Ìfọ̀. Ayálégbé ló wà nílé wa báyìí, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan ẹ̀yìn ilé. Tapólì náà ti gbó, ó ń já lọ́wọ́ mi bí ewé gbígbẹ. Ìjàpá wà lábẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ sílẹ̀ lórí táyà mẹ́rin tí kò ní afẹ́fẹ́, eruku bò ó débi pé mi ò dá àwọ̀ rẹ̀ mọ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ti dógùn-ún, ó ti jẹ dé ibi tí mo lè ti ọwọ́ bọ̀. Eku ti kó òwú inú àga síta. Adìẹ kan ń sàba lábẹ́ rẹ̀, ó ń bínú sí mi.

Mo fi agbára ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí ìyá mi ń jókòó sí. Ìborùn rẹ̀ wà lórí àga. Aláwọ̀ ewé ni, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹnìkan ti ká a, ó sì fi í lélẹ̀ dáadáa. Mi ò ronú. Mo na ọwọ́ mú un, ó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ mi bí ìwé tó jóná. Bí mo ṣe ń gbìyànjú láti kó o jọ ni ó ń di eruku. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, mo sunkún bí mi ò ṣe sunkún nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ká ní mo ti fara balẹ̀ díẹ̀ ni! Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni aṣọ náà fi dúró dè mí, ìṣẹ́jú kan ni mo fi bà á jẹ́.

Àwọn mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ bá ní Mowé fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra ògbólógbòó irin. Ìyá kan tí a jọ ń kọ́ni níléèwé ló júwe bàbá kan fún mi ní Ìbàfò, ọmọ agbègbè Ọ̀ṣun, tó ti ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì láti ìgbà tí ìjàpá fi pọ̀ nígboro. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju abẹ́ igi máńgòrò kan àti páànù mélòó kan lọ, lẹ́yìn ọ̀nà márosẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló bá mi gbé ìjàpá láti Ìfọ̀, a gba Papalantó, a gba Ọ̀fàdà já sí Mowé. Ọjọ́ Jímọ̀ tí èrò ń wọ́ lọ fún ìsìn òru ní Kámpù la sì bọ́ sí, mọ́tò kò rìn. Bí a ṣe dúró gbagidi sójú kan, bàbá arúgbó kan sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó wá fi ọwọ́ nu eruku lára ìjàpá, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ṣì wà! Ìjàpá ṣì wà láyé!" Ó padà sínú bọ́ọ̀sì, ó sì ń júwọ́ sí wa títí ojú wa fi kúrò lára ara wa.

Bàbá mẹkáníìkì yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Bísímílàhi." Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, bẹ́ẹ̀ ló sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ yẹn. Nígbà tó jáde, ó ní, "Tíṣà, ó máa pẹ́ o. Ṣùgbọ́n yóò dìde, lágbára Ọlọ́run."

Ó pẹ́ lóòótọ́. Ó tú ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ó to gbogbo rẹ̀ sórí aṣọ bí ìgbà tí ìyàwó bá to àwo. Àwọn tó ń lu ara ọkọ̀ gé ibi tó ti dógùn-ún kúrò, wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn. Wọ́n rán awọ tuntun sí àga, wọ́n gé kọ́kọ́rọ́ tuntun. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ojú ọ̀run, èyí tí mo fi ibi kékeré kan tó ṣẹ́ kù lábẹ́ rọ́bà gíláàsì júwe fún wọn. Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ wò ó. Mo máa ń jókòó sórí àpótí, mo máa ń gbọ́ ariwo ọ̀nà márosẹ̀, bàbá náà a sì máa bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rọ ọmọ kó jẹun.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ẹ́ńjìnnì náà gbà. Ó wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún bó ṣe ń dún nígbà ayé ìyá mi. Mo fò sókè. Mo ń dúpẹ́, mo ń pa àtẹ́wọ́. Bàbá mẹkáníìkì kò yọ̀ bí mo ṣe rò. Ó pa á, ó nu ọwọ́.

"Tíṣà, ẹ jókòó ná. Kí ni wọ́n sọ fún yín pé ó ṣe ọkọ̀ yìí?"

"Wọ́n ní ó kọ̀ lójú ọ̀nà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá mi ni. Àwọn ni wọ́n ń wà á lọ́jọ́ náà."

Ó ní, "Ẹ má bínú o. Ọkọ̀ yìí ò kọ̀."

Mo ní, "Báwo?"

"Mo ti tú u tán. Ohun tí ọjọ́ bà jẹ́ níbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n: rọ́bà gbẹ, bátìrì kú, epo inú táǹkì dì bí oje igi. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ọjọ́ orí ni. Ṣùgbọ́n inú ẹ́ńjìnnì mọ́. Kò jóná. Bẹ́líìtì rẹ̀ ò já."

"Ṣé kò lè jẹ́ wáyà kan ló bọ́?"

"Wáyà tó bá bọ́, mà á bá a níbi tó bọ́ sí. Gbogbo wọn ló wà láyè wọn. Epo sì wà nínú rẹ̀. Tíṣà, ẹni tó pa ọkọ̀ yìí, kọ́kọ́rọ́ ló fi pa á."

Mo padà sí Mowé, mo bá bàbá mi níbi tó ti ń jẹ ẹ̀kọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó. Ọkàn mi lọ síbi tí kò yẹ kó lọ. Mo bi ara mi pé ṣé ó tiẹ̀ gbé ìyá mi débì kankan? Ṣé wọ́n jà lójú ọ̀nà ni? Kí ni ọkùnrin máa ń fi pa mọ́ fún odidi ọdún mẹ́tàdínlógójì, tí yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ pè é ní apànìyàn, tí kò sì ní í fèsì? Ẹ̀rù bà mí láti béèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́. Mo ń bu oúnjẹ fún un, mo ń wẹ̀ ẹ́, mi ò jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere, tó pè mí ní orúkọ mi, tó sì béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo fi ìgboyà sọ ọ́. Mo ń gé èékánná rẹ̀.

"Bàámi, mẹkáníìkì ní ọkọ̀ yín kò bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ tí ẹ gbé Màámi lọ sí Abẹ́òkúta."

 Mo rò pé ọkàn rẹ̀ ti tún lọ. Mo ti gé èékánná ìka méjì sí i kí ó tó ní, "Kò bàjẹ́."

Mo fi abẹ sílẹ̀.

"A ti kọjá Papalantó," ni bàbá mi wí. "Eruku àwọn akẹ́rù pọ̀. Ìyá yín fọwọ́ lù mí léjìká, ó ní, 'Ẹ dúró.' Mo ní ká máa lọ, pé ó ti kù díẹ̀. Ó tún lù mí. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n mí.' Mo dúró. Mo pa mọ́tò, kí èéfín má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ṣílẹ̀kùn, mo ń fi fìlà mi fẹ́ ẹ. Ó gbórí lé mi láyà. Mo rò pé ó ń sinmi."

 Ó tún ní, "Mo rò pé ó ń sinmi. Mo jẹ́ kó sinmi. Mo ká ìborùn rẹ̀ sórí àga."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ní ọkọ̀ ló kọ̀?"

"Àwọn èèyàn dé, wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ nínú mọ́tò mìíràn. Wọ́n ní kí ló ṣe tèmi? Ẹnu mi ní ó kọ̀. Ẹnu mi ló sọ ọ́." Ó gbé ojú sókè sí mi. "Tí mi ò bá dúró ńkọ́? Ṣé kò ní í débẹ̀?"

"Bàámi, Màámi ni wọ́n ní kí ẹ dúró."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń wà á."

 Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, omi ń dà lójú mi. Ó fa ọwọ́ náà kúrò, ó na èkejì sí mi pé kí n gé tibẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Òkè-Àró. Ẹ̀gbọ́n mi ń jó géètì kan, ó ṣí ìbòjú nígbà tó rí mi. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bínú." Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti mẹkáníìkì àti ti bàbá wa. Mo rò pé yóò ní àròsọ arúgbó ni. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí kò jọ ohun tí mo rò rárá.

"Mẹkáníìkì yẹn, ṣé ó rí àmì omi níbẹ̀?"

"Omi wo?"

"Nínú ẹ́ńjìnnì. Níbi tí iná ti ń wọ pílọ́ọ̀gì."

"Kò sọ̀rọ̀ omi kankan. Ó ní ohun gbogbo ló wà láyè rẹ̀. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi pa á."

Ó jókòó sórí géètì tó wà nílẹ̀, irin tó ṣì ń gbóná. Ó ní, "Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí Màámi kú, mo fọ ọkọ̀ yẹn. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo da omi sí ẹ́ńjìnnì, torí mo fẹ́ kí inú rẹ̀ dán bíi ti ìta. Bàbá ti kìlọ̀ fún mi rí pé mi ò gbọdọ̀ da omi síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fà á délé tí wọ́n ní ó kọ̀, mo ti mọ̀. Mo mọ̀ pé èmi ni."

 "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin lẹ rò pé ẹ ṣe é? Kí ló wá dé tí ẹ fi ń dá Bàámi lẹ́bi?"

"Tí mo bá ti pariwo mọ́ wọn, mi ò ní í gbọ́ ti inú mi." Ó bo ojú. "Mo ń retí pé wọ́n á ní, 'Ìwọ lo da omi sí i.' Mo rò pé wọ́n mọ̀, pé wọ́n ń bo àṣírí mi ni. Ìdí tí mo fi sá nìyẹn. Mi ò lè máa wo ojú ẹni tó mọ̀ tí kò sọ."

Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó sunkún lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Nígbà tó sunkún tán, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ó ní, "Gbólóhùn kan ṣoṣo. Ká ní Bàbá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, pé ọkọ̀ ò kọ̀." Mo ní kó jẹ́ ká jọ máa lọ sí Mowé lọ́jọ́ náà gan-an. Ó kọ̀. Ó ní tí òun bá lọ báyìí, ìjà ni òun yóò bá lọ. Ó ní kí n jẹ́ kí àwọn ará Ìbàfò parí ọkọ̀ náà, òun fúnra òun ni yóò wà á wálé fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Láàárín wọn, ibà kọlu bàbá mi. Nígbà tí ara rẹ̀ le, ọkàn rẹ̀ kò bá a padà. Kò pè mí lórúkọ mọ́, "Nọ́ọ̀sì" ló ń pè mí.

Ẹ̀gbọ́n mi dé ní ọ̀sán Sátidé. A gbọ́ ohùn ìjàpá láti ojú títì, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e. Ó wọ agbádá, bí ẹni tó ń lọ ṣe ìdána. Bàbá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi rìn dé iwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, kò dìde.

"Bàámi, ẹ dárí jì mí."

Bàbá mi wò ó, ojú tì í nítorí ẹni ńlá tó dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ dìde, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ bá mi tún mọ́tò mi ṣe?"

"Ẹ." Bàbá wa ń pe ọmọ tó bí ní "ẹ". Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ ẹ̀gbọ́n mi lára. Ó pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, iyẹ̀pẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni."

"Ẹ ṣeun. Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ṣé kò sí omi nínú rẹ̀? Ọmọ mi kan wà tó máa ń fọ̀ ọ́ ní àfọ̀jù."

Bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì mọ ohun tí bàbá mi mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kò sí omi níbẹ̀, sà. Ọmọ yẹn ò bà á jẹ́." Bàbá wa mi orí, ó ní ọmọ dáadáa ni, ó kàn ní ìwàǹwára ni.

A gbé e sí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi jókòó sẹ́yìn. A yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan, a dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, a padà. Bàbá mi kò béèrè ìyá wa. Ó ń fi ọwọ́ pa iwájú ọkọ̀ náà bí ẹni ń pa ẹranko lára. Nígbà tí a fẹ́ gbé e sọ̀kalẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní kó kí àwọn ará ilé rẹ̀.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tó fi sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán tí kò jí. A sin ín sí Ìfọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n mi wá sí ilé náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti kúrò níbẹ̀, ó sì sùn sí yàrá tó ń sùn sí nígbà èwe, èyí tí àwọn ayálégbé yọ̀ǹda fún un. Gbogbo ìgbà tó ń wá kí bàbá wa láàárín oṣù méjì yẹn, "ọ̀gá mẹkáníìkì" ni bàbá wa mọ̀ ọ́n sí. Kò mọ̀ ọ́n lọ́mọ mọ́ títí ó fi lọ.

Mo máa ń ka àwọn ọ̀sẹ̀ náà. Mẹ́ta tí mo fi dákẹ́ nítorí ẹ̀rù, méjì tí òun fi dúró nítorí ìbínú. Nínú ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, bàbá wa ṣì ní àwọn àárọ̀ tí ojú rẹ̀ ń mọ́ kedere. Mo ti sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n má kà á mọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òun náà ń kà á.

Nígbà tí òjò dá, ó wá gbé mi ní Mowé, a gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ nínú ìjàpá, a fẹ́ wá ibi tí wọ́n dúró sí lọ́jọ́ náà. Bàbá wa kò fi àmì kankan sílẹ̀ ju pé wọ́n ti kọjá Papalantó. A rọra ń lọ, àwọn akẹ́rù ń fọn fèrè lé wa lórí. Ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀tún, ilé epo ni òsì, ibi tí igbó wà nígbà náà ti di ibi tí wọ́n ń gbé tírélà sí. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi ya ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe ibí?" Mi ò mọ̀. Òun náà kò mọ̀. Nígbà tí a rí i pé a ti ń sún mọ́ Ìtòrí, ó ní bóyá a ti kọjá rẹ̀. A ra àgbàdo sísè lọ́wọ́ obìnrin kan létí títì, a jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀, a sì yí orí ọkọ̀ padà sílé.